Gáùn Láti Ara Àpò Oúnjẹ Adìyẹ: Ìtọ́sọ́nà sí Ọgbọ́n Ìránṣọ Àwọn Obìnrin Oko Amẹ́ríkà Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì

Bí ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Kansas tàbí Missouri bá ń wá aṣọ tí yóò fi rán gáùn ní ọdún 1943, ibi tí wọ́n to àpò oúnjẹ adìyẹ sí ló máa kọ́kọ́ lọ. Àpò òwú ni, ó fẹ̀ dáadáa, ó sì ní òdòdó, ìlà tàbí àmì roboto-roboto lára bíi ti aṣọ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀. Àpò mẹ́ta tí àwòrán wọn bára mu tó gáùn àgbàlagbà obìnrin kan. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ń ṣe, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi rán gáùn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé n kò rí ohun mìíràn tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ìṣirò aṣọ bíi tirẹ̀. Aṣọ ọwọ́ ẹni kò ní pọ̀ sí i, kò sì sí ibi tí a ti máa ra yáàdì kan kún un. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé orí ìwé la ti ń gé gáùn yìí parí kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ rárá.

Bí àpò ṣe di aṣọ

Inú àgbá onígi ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń kó ìyẹ̀fun sí láyé àtijọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, èyí tí Elias Howe gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1846, ó ṣeé ṣe láti rán àpò òwú tí kò ní ya bí wọ́n bá di ẹrù wúwo sínú rẹ̀. Àpò funfun ni àwọn àkọ́kọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ sì wà lára wọn gàdàgbà. Àwọn obìnrin ń fọ orúkọ náà kúrò, wọ́n ń fi àpò rán àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ àti ìtẹ́dìí ìkókó. Ní 1924, Asa T. Bales gba ìwé àṣẹ fún àpò tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ onígun mẹ́rin-mẹ́rin ṣe, ilé iṣẹ́ George P. Plant Milling Company ní St. Louis sì fi irú àpò bẹ́ẹ̀ ta ìyẹ̀fun rẹ̀ tí ń jẹ́ Gingham Girl. Kò pẹ́ tí àwọn aṣàpò bíi Bemis àti Percy Kent fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje lórí ẹwà àwòrán ara àpò, nítorí wọ́n ti rí i pé obìnrin ilé ló ń pinnu irú oúnjẹ adìyẹ tí ọkọ yóò rà bọ̀ láti ọjà. Obìnrin náà ló ń sin adìyẹ, owó ẹyin sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti yan àpò.

Nígbà tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, tí Amẹ́ríkà sì wọ ogun, ohun tí ó ti jẹ́ ọgbọ́n àwọn tálákà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ṣẹ́dà tí wọ́n ń kó wá láti Japan kò wọlé mọ́, wọ́n sì ń fi nylon, òwú àtọwọ́dá tí ó jọ ṣẹ́dà, ṣe agbòòrùn àwọn ọmọ ogun tí ń fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Rọ́bà wọ́n gógó nígbà tí Malaya bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Japan ní 1942, bẹ́ẹ̀ ni irin tí wọ́n ń fi ṣe sípù ti di ti ohun ìjà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1942, àjọ War Production Board, tí ń darí ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe nígbà ogun, gbé àṣẹ tí wọ́n pè ní L-85 jáde láti dín aṣọ tí ó ń wọ inú ẹ̀wù obìnrin kù. Ara rẹ̀ ni pé etí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ká sínú kò gbọ́dọ̀ ju ínǹṣì 2 lọ. Ní Britain, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1941, ìwé kúpọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ra aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rà ju ìwọ̀n tí ìjọba fún un lọ. Ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀, bàtà nìkan ni wọ́n fi sábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1943. Àpò oúnjẹ adìyẹ, nítorí pé ohun èlò iṣẹ́ oko ni, ń bá a lọ láti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí pé ogun ti mú kí ó ṣòro láti kó okùn jute wá láti ilẹ̀ India fún àpò ìdọ̀họ. Iye tí wọ́n fojú bù ní 1942 ni pé 3,000,000 obìnrin àti ọmọdé ló ń wọ aṣọ tí wọ́n fi àpò rán.

Ọdún 1943 ni ìjọba sọ ìwọ̀n àpò di ọ̀kan náà káàkiri: pọ́ùn 2, 5, 10, 25, 50 àti 100. Èyí wúlò fún aránṣọ ju bí ó ti lè hàn lójú lọ. Àpò oní-100 pọ́ùn, bí a bá tú u, máa ń jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 36 ní ìbú àti 42 ní gígùn. Ẹni tí ó bá ti mọ iye yìí lè jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀ kí ó ṣírò gáùn tán kí ọkọ rẹ̀ tó lọ sí ọjà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wá aṣọ tí ó yẹ

Àpò ìrẹsì àti àpò oúnjẹ adìyẹ tí ó wà ní ọjà wa lónìí kò ṣeé lò, nítorí pé ike ni wọ́n fi hun wọ́n. Bí ẹ bá rí àpò tí kò dá yín lójú, ẹ fa òwú kan yọ lára rẹ̀, kí ẹ fi iná sí i. Òwú gidi yóò jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́ lábẹ́ ìka. Ike yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré dúdú kan. Ẹni tí kò bá rí àpò òwú lè ra aṣọ òwú funfun tí àwọn aládìrẹ ń lò, tàbí àǹkárá tí ó jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Kí ó gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 36 ní ìbú àti 42 ní gígùn, kí ó má sì ṣe fi ìdajì yáàdì kankan kún un. Mo tẹnu mọ́ èyí, nítorí pé ẹni tí ó bá ní aṣọ àpọ̀jù lọ́wọ́ kò ní rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Tí ó bá jẹ́ aṣọ alárà ni, ẹ rí i dájú pé àwòrán àti àwọ̀ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Àwọn obìnrin oko wọ̀nyí a máa gé ègé kékeré lára àpò tí wọ́n ní, wọn a fún ọkọ wọn mú dání lọ sí ìsọ̀ kí ó lè wá ẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín òkìtì àpò. Èyí tí kò bá ní ẹgbẹ́, wọn a fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin Smith-Lever ọdún 1914 rán sí ìgbèríko láti máa kọ́ àwọn obìnrin ní ìtọ́jú ilé náà ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí, láàárín àwọn aláwọ̀ funfun àti àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tú ojú rírán rẹ̀

Ẹ má ṣe fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀gbẹ́ àpò. Ẹ̀wọ̀n ni rírán tí wọ́n fi pa àpò dé, irú èyí tí ó wà lẹ́nu àpò ìrẹsì àti àpò ìyẹ̀fun tí gbogbo wa mọ̀: bí ẹ bá fà á láti ibi tí ó tọ́, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ wo ojú méjèèjì rírán náà. Apá kan dà bí ìlà títọ́, apá kejì sì dà bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ kọ ojú apá tí ó jẹ́ ìlà títọ́ sí ara yín, kí ẹ gé òwú tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ tú ìkọ́ kan tàbí méjì pẹ̀lú ẹnu abẹ́rẹ́, kí ẹ wá fà á. Bí ó bá lekoko, ìpẹ̀kun kejì ni kí ẹ lọ gbìyànjú, nítorí pé ibi tí ẹ̀rọ parí sí nìkan ni ẹ̀wọ̀n ti ń tú.

Òwú tí ó bá jáde kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ wé e mọ́ ègé páálí. Ó nípọn, ó sì yi; àwọn obìnrin náà ń fi í hun kírósì sí etí ìrọ̀rí, wọ́n sì ń fi í rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀. Nínú gáùn tiwa, òun la máa lò fún ìkọ́ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bọ́ yíǹkì, kí ẹ sì mú aṣọ sún kì kí ẹ tó gé e

Ẹ gbọn ìyẹ̀fun tàbí ìdọ̀tí oúnjẹ tí ó kù sára rẹ̀ dànù níta, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù di ọjọ́ kejì. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá wà lára rẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bọ́ ọ nígbà náà: wọ́n lè fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pa ojú ibẹ̀ kí ó sùn mọ́jú, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì. Inú òróró ni wọ́n po yíǹkì náà sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá fi lè tú u níbi tí omi nìkan kò ti rí i ṣe. Ní òwúrọ̀, wọn a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ líle tí wọ́n fi omi eérú àti ọ̀rá sè nílé gbo ó. Ẹni tí ó bá ní ọṣẹ dúdú gidi lọ́wọ́ ní ohun tí ó jọ ọ́ gan-an, nítorí pé eérú ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ní ti kẹrosíìnì, n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó lónìí. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti da bẹntiróòlù pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń tà, àṣìṣe kan ṣoṣo nítòsí iná sì tó láti ba ilé jẹ́. Ọ̀rá tàbí òróró ìdáná yóò ṣe é. Ó kàn ń fẹ́ sùúrù àti pé kí a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì ni.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀ tí ó ń mú aṣọ sún kì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rán irú gáùn yìí, omi tútù ni mo fi fọ aṣọ náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo gé e, mo rán an, ó sì bọ́ sí ara ẹni tí mo rán an fún bí ẹni pé wọ́n dà á lé e lórí. Ó lọ sí ilé, ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó padà wá bá mi, bọ́tìnnì àyà ń fà gbàgbà, ihò wọn ti là gbàràgbàrà, ìgbànú ti gun òkè kúrò ní ìbàdí, èmi náà kò sì ní aṣọ kankan tí mo lè fi tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, omi gbígbóná ni mo fi ń fọ aṣọ òwú tuntun, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń sá a gbẹ pátápátá lẹ́yìn fífọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọn aṣọ náà pẹ̀lú téépù ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí mo fọ̀ gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ní ínǹṣì 36 sí 42, ó sì dúró ní 35 sí 40. Iye yìí ni màá lò nínú ìṣirò tí ó kàn. Bí ti yín bá yàtọ̀, ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ pa aṣọ funfun láró, àkókò yìí ni kí ó ṣe é. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń fi èèpo àlùbọ́sà tàbí èèpo èso walnut sè é, tàbí aró ìsọ̀. Àwa ní ẹlu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tọ́ òwú rẹ̀ sọ́nà

Bí wọ́n ti ń di ẹrù sínú àpò tí wọ́n sì ń jù ú kiri, òwú rẹ̀ a máa wọ́. Ẹ fa òwú kan jáde ní ìbú aṣọ láti etí dé etí, kí ẹ gé e lójú ibi tí òwú náà ti yọ. Kí ẹ ká aṣọ sí méjì: bí igun kò bá pàdé, kí ènìyàn méjì di igun tí ó kúrú mú, kí wọ́n fà á ní ìdábùú títí yóò fi dọ́gba. Ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ nígbà tí ó ṣì tutù díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣírò, kí ẹ sì gé e lórí ìwé

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Mo fi obìnrin tí àyà rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 36, tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 30, tí gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí sì jẹ́ 16½ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ ya àpò mẹ́ta sórí ìwé onígun mẹ́rin-mẹ́rin irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe ìṣirò, kí ilé kan dúró fún ínǹṣì kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilé 35 ní ìbú àti 40 ní gígùn. Yàtọ̀ sí kọ́là àti ìgbànú, gbogbo ègé ni gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá gígùn aṣọ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gáùn yóò máa yí lára. Bí òdòdó ara rẹ̀ bá ní orí àti ìdí, ẹ má jẹ́ kí ègé kankan dorí kodò.

Àpò kìn-ín-ní àti ìkejì ni síkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Láyé ogun, orúnkún ni gáùn ń dé, nítorí náà ínǹṣì 24 ni mo fi fún gígùn síkẹ́ẹ̀tì, 2 fún etí ìsàlẹ̀ bí àṣẹ L-85 ti wí, àti ½ fún rírán ìbàdí. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26½. Ẹ lo gbogbo ìbú aṣọ bí ó ti wà. Ohun tí ó kù nísàlẹ̀ àpò kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 13½ ní gígùn àti 35 ní ìbú, ara rẹ̀ ni apá, kọ́là, ìgbànú àti àpò ẹ̀gbẹ́ yóò sì ti jáde.

Nínú èyí tí ó kù lára àpò kìn-ín-ní, ẹ gé apá aṣọ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 15 ní ìbú àti 10 ní gígùn, kí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Abẹ́ wọn yóò ku ọ̀já kan tí ó jẹ́ 3½ sí 30. Ẹ gé ọ̀já náà sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15: kọ́là nìyẹn, ojú òkè àti ojú abẹ́, fún ọrùn tí ó jẹ́ 14. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí tí ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́ báyìí, mo dìde lórí àga. Nínú èyí tí ó kù lára àpò kejì, ẹ gé ìgbànú 3 sí 35 àti àpò ẹ̀gbẹ́ méjì, 7 sí 7½.

Àpò kẹta ni ara òkè. Àyà 36, pẹ̀lú ínǹṣì 4 kí a lè mí nínú rẹ̀, jẹ́ 40. Ẹ̀yìn gba 20, àti 1 fún rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: 21. Ègé iwájú kọ̀ọ̀kan gba 10, ½ fún rírán ẹ̀gbẹ́, ¾ tí bọ́tìnnì yóò fi gun ara wọn, àti 1½ tí a máa ká sínú: 12¾. Gígùn gbogbo wọn jẹ́ 17½ pẹ̀lú àyè rírán lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ to ẹ̀yìn àti ègé iwájú kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lókè, wọ́n jẹ́ 33¾, wọ́n sì wọ inú 35. Ègé iwájú kejì yóò wà lábẹ́ wọn. Gígùn méjèèjì jẹ́ 35, ó sì ku ọ̀já ínǹṣì 5 nísàlẹ̀, pẹ̀lú ègé ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ tí ó jẹ́ 22¼ sí 17½. Ẹ má fọwọ́ kan ègé yìí. Ó tó búláòsì ọmọ ọdún méjì.

Obìnrin tí ó bá sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò àpò kẹrin. Kí ẹ̀yìn dá wà lókè, kí ègé iwájú méjèèjì jọ wà nísàlẹ̀. Títí dé àyà 44, ẹ̀yìn yóò jẹ́ 25, iwájú méjèèjì yóò jẹ́ 29½ lápapọ̀, apá aṣọ lè fẹ̀ dé 17 níye, gbogbo wọn yóò sì wọ inú ìbú 35; búláòsì ọmọ nìkan ni a máa pàdánù. Ọ̀já ínǹṣì 5 tí ó wà nísàlẹ̀ àpò kẹta ni yóò mú kọ́là àti àfikún ìgbànú jáde.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà lórí ìwé, ẹ gé ìwé ìròyìn àtijọ́ sí ìwọ̀n ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya ìyípo ọrùn, èjìká àti abẹ́ apá sí i láti ara ẹ̀wù kan tí ó bá ẹni náà mu. Ìwé ìròyìn ni àwọn obìnrin náà lò. Ẹ tò wọ́n sórí aṣọ, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà á, kí ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó gé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Rírán

Ọ̀pọ̀ ilé oko ní Amẹ́ríkà kò ní iná mànàmáná nígbà náà, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń tọ́jú èyí tí wọ́n ní bí ojú, nítorí pé ní 1942 ni ìjọba dá ṣíṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ilé tuntun dúró kí àwọn ilé iṣẹ́ náà lè máa ṣe ohun èlò ogun. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tàbí aláfọwọ́yí yóò ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ tò ó kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa gún nǹkan bí ìgbà 10 sí 12 nínú ínǹṣì kan.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi dáàtì, ìyẹn ibi tí a ti ń ká aṣọ pọ̀ tí a sì ń rán an kí ó lè fún ní ìbàdí. Ìbàdí ara òkè jẹ́ 40, a sì fẹ́ kí ó jẹ́ 32, ìyẹn 30 pẹ̀lú 2 fún ìrọ̀rùn. Dáàtì mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ínǹṣì 2 ní ìbàdí tí ó sì tán sókè ní nǹkan bí ínǹṣì 6, yóò yọ 8 náà kúrò. Ẹ rán èjìká, kí ẹ ká ojú bọ́tìnnì sínú, kí ẹ fi kọ́là sí i, kí ẹ fi apá sí i nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ṣì ṣí sílẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn jù. Ẹ wá rán láti ẹnu apá gba abẹ́ apá wá sí ìbàdí. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ dúró nígbà tí ó bá ku ínǹṣì 4 kí ẹ dé ìbàdí.

Rírán ẹ̀gbẹ́ àti ti èjìká gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó bo etí aṣọ mọ́lẹ̀, nítorí pé òwú àpò a máa tú ní etí, wọn kò sì ní ẹ̀rọ tí ń dí i. Ẹ kọ́kọ́ rán ègé méjèèjì pọ̀ ní ½ ínǹṣì, kí ojú inú wọn kọ sí ara wọn. Ẹ gé àyè rírán ti apá kan kù sí ìdajì, kí ẹ ká ti ìkejì bò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tún rán an lójú òkè. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n gáùn tí wọ́n bá rán báyìí lè pẹ́ ju ẹni tí wọ́n rán an fún lọ lẹ́nu iṣẹ́ oko.

Síkẹ́ẹ̀tì kò le. Ẹ rán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tán, kí ẹ dá ínǹṣì 6 sí lókè ẹ̀gbẹ́ òsì. Ó máa bá 4 ti ara òkè pàdé, kí gáùn lè gba èjìká kọjá láìsí sípù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ìlà méjì sí ìbàdí rẹ̀, kí ẹ fa òwú títí tí 68 yóò fi sún jọ di 32, kí ẹ fi ìka pín in kí ó má ṣe kó jọ sí ojú kan. Ẹ so ó mọ́ ara òkè. Ẹ fi àpò ẹ̀gbẹ́ sí i, kí ẹ ká etí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ rán an pẹ̀lú òwú tí kò hàn níta.

Ìgbésẹ̀ keje: Bọ́tìnnì àti ẹ̀gbẹ́ òsì

Bọ́tìnnì mẹ́fà ló tó iwájú. Ara ẹ̀wù àtijọ́ ni kí ẹ ti yọ wọ́n. Kò sí ilé oko kan tí kò ní agolo bọ́tìnnì. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ fi ọ̀já aṣọ tóóró kan tẹ́ abẹ́ ojú tí ó ṣí náà, kí ẹ fi bọ́tìnnì kéékèèké mẹ́rin sí apá ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi okùn tí ẹ wé mọ́ páálí ní ìgbésẹ̀ kejì ṣe ìkọ́ mẹ́rin sí apá iwájú. Ìránṣọ ọwọ́ ni èyí: ẹ na òwú mẹ́ta kọjá bí afárá, kí ẹ wá máa fi abẹ́rẹ́ wé e títí yóò fi le.

Lẹ́yìn ogun

Ogun parí ní 1945 ṣùgbọ́n àpò kò kúrò ní ojú abẹ́rẹ́. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ṣì ní gáùn kan tí Dorothy Overall láti Caldwell, ní Kansas, fi àpò rán ní 1959 fún ìdíje ìránṣọ. Àpò oníwèé, tí owó rẹ̀ kéré, ló lé àpò òwú kúrò ní ọjà ní nǹkan bí àsìkò náà.

Nígbà tí gáùn tiyín bá gbó, abẹ́ apá ló máa kọ́kọ́ já. Ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ yọ bọ́tìnnì padà sínú agolo, kí ẹ tú ìbàdí. Ègé síkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 34 sí 24, ṣì lágbára, nítorí pé aṣọ tí a sún jọ kì í tètè gbó. Ó tó gáùn ọmọ ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìwé kan náà tí a fi ṣírò. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé e ní onígun mẹ́rin fún aṣọ ìbora alábùlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀já tí kò ju ìka méjì lọ nu ẹ̀rọ ìránṣọ kí ẹ tó bo ó.